Búrẹ́dì, Koríko Omi àti Ẹja Ńlá: Bí Wọ́n Ṣe Ṣírò Agbára ní Silver Springs

Ní àárín ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú Ocala, omi kan wà tó ń sun jáde láti inú àpáta ẹfun abẹ́ ilẹ̀. Silver Springs ni wọ́n ń pè é. Omi náà pọ̀ débi pé ojú ibi tó ti ń sun gan-an ni odò ti bẹ̀rẹ̀. Ó sì mọ́ gaara débi pé láti ìparí àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti ń fi ọkọ̀ onídìí gíláàsì gbé àlejò káàkiri lórí rẹ̀, kí wọ́n lè máa wo ẹja, awun àti koríko tó wà nísàlẹ̀. Ibi ìgbafẹ́ yìí ni Howard T. Odum, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, gbà lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni pé nínú gbogbo agbára oòrùn tó ń bọ́ sórí omi yìí lọ́dọọdún, báwo ni èyí tó ń dé ikùn ẹja tó ń jẹ ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ibo sì ni ìyókù ń gbà lọ?

Mo fẹ́ kọ ìṣẹ̀lẹ̀ yìí sílẹ̀ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́ nítorí pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹ̀wọ̀n oúnjẹ nílé ìwé kò tó. Tíṣà á ya koríko sójú pátákó, á fa ọfà láti ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ tata, láti ọ̀dọ̀ tata lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́, láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ lọ sọ́dọ̀ ejò, á wá parí rẹ̀ sórí àṣá. Àwòrán náà sọ ẹni tó jẹ ẹni fún wa. Kò sọ iye tó jẹ, kò sì sọ iye tó dànù lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, iye yẹn ló fà á tí tata fi kún inú igbó tí àṣá fi ṣọ̀wọ́n. Silver Springs wà lára àwọn ibi àkọ́kọ́ láyé tí ẹnì kan ti jókòó ka iye náà láti orí oòrùn títí dé orí ẹja tí ẹja mìíràn kò lè jẹ.

Kì í ṣe Odum ló kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Raymond Lindeman ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ṣáájú rẹ̀ ní adágún kékeré kan, Cedar Bog Lake, ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Òun ló fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò tó láti máa ka orí ẹja àti orí kòkòrò, pé agbára tó ń ti ara ẹ̀dá kan bọ́ sí ara òmíràn ni kí wọ́n máa kà. Ọmọ ọdún 26 péré ni Lindeman nígbà tó kú ní 1942, oṣù díẹ̀ kí ìwé ìwádìí rẹ̀ tó jáde. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. Evelyn Hutchinson ní Yunifásítì Yale, tí Lindeman ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, ló wá kọ́ Odum náà. Nígbà tí Odum wá ń kọ́ni ní Yunifásítì Florida ní Gainesville, tí kò jìnnà sí Silver Springs, ó ti ní ìbéèrè náà lọ́wọ́. Àjọ ìwádìí ti ológun ojú omi Amẹ́ríkà ló gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá wà nínú ibi tó yàn. Nínú odò lásán, òjò á rọ̀, omi á kún, ẹrọ̀fọ̀ á dé, ooru á lọ sókè lọ sílẹ̀, ẹni tó ń wọn nǹkan níbẹ̀ kò ní mọ èyí tó ti ọwọ́ ewéko wá àti èyí tó ti ọwọ́ ojú ọjọ́ wá. Omi Silver Springs kò rí bẹ́ẹ̀. Tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, ooru rẹ̀ kì í kúrò ní àyíká ìwọ̀n 23 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tó yòrò sínú omi náà kì í yí padà láti wákàtí dé wákàtí, ọ́síjìn tó bá a jáde láti abẹ́ ilẹ̀ sì ń dúró sójú kan. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wọn ọ́síjìn ní ojú ìsun, tó sì tún wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀ odò, ohun yòówù tó bá yí padà láàárín ibi méjèèjì, àwọn ohun abẹ̀mí inú omi ló fà á, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tó ń gba ojú omi wọlé tàbí jáde sínú afẹ́fẹ́, tí òun náà ṣeé ṣírò. Lọ́sàn-án, ewéko ń lo oòrùn láti ṣe oúnjẹ, ó sì ń tú ọ́síjìn sínú omi. Lóru, kò sí ẹni tó ń ṣe oúnjẹ mọ́, gbogbo wọn ń mí, ọ́síjìn á sì lọ sílẹ̀. Odò náà fúnra rẹ̀ ló di irinṣẹ́ ìwọ̀n. Odum tún ń fi ìgò bo ewéko àti ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó ń kó ewéko jọ, ó ń gbẹ ẹ, ó ń wọn ọ̀n, ó sì ń ka ẹja.

Àwọn tó ń gbé inú omi náà nìyí. Koríko omi kan tó ní ewé gígùn bí ìgbànú, Sagittaria, ló bo ìsàlẹ̀. Orí ewé náà kì í ṣófo: nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta inú odò tiwa náà, tí wọ́n ń pè ní álígì, lẹ̀ mọ́ ọn pitipiti, òun gan-an ló sì ń ṣe apá tó pọ̀ nínú oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ń jẹ níbẹ̀. Ìṣáwùrú, ìdin kòkòrò, awun àti ẹja mullet tó ń gba inú òkun wá ń há a jẹ. Àwọn kòkòrò ajẹran àti ẹja kéékèèké bí sunfish ń jẹ àwọn yẹn. Ẹja bass àti gar ló wà lókè pátápátá. Ní ìsàlẹ̀, nínú ẹrọ̀fọ̀ tó tinrín, bakitéríà ń jẹ ohunkóhun tó bá kú.

Nígbà tí Odum kó gbogbo rẹ̀ jọ, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1957, ìṣirò ọdún kan lórí ìwọ̀n ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì gùn ní mítà kan, ló gbé kalẹ̀. Kilokálórì ló fi kà á, ìyẹn òṣùwọ̀n kan náà tí wọ́n ń kọ sára páálí oúnjẹ. Oòrùn tó bọ́ sórí ibẹ̀ jẹ́ 1,700,000. Ewéko gba 410,000 níbẹ̀. Ìyókù bọ́ sí ibi tí kò sí ewé, tàbí kí omi gbà á, tàbí kó ta padà. Nínú 410,000 yìí, 20,810 péré ni ewéko sọ di oúnjẹ. Ká sọ pé oòrùn mú 100 wá, díẹ̀ lé ní 1 ló wọnú ara ewé. Ohun gbogbo tó ń lúwẹ̀ẹ́, tó ń rákò, tó ń jẹrà ní Silver Springs, orí 1 yẹn ni wọ́n ń gbé, àfi nǹkan kan tí mo máa sọ láìpẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń ya ènìyàn lẹ́nu nìyí. Kí ẹnikẹ́ni tó bu ewé jẹ, ewéko fúnra rẹ̀ ti ná 11,977 nínú 20,810 náà láti fi mí, láti fi tún ara rẹ̀ ṣe, láti fi wà láàyè. Ó ju ìdajì lọ. A máa ń sọ̀rọ̀ ewéko bí ẹni pé ó kàn dúró síbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tó máa jẹ ẹ́. Irọ́ ni. Ewéko ni ẹni tó ń náwó jù nínú odò náà, agbára tó sì ná ti di ooru tó wọnú omi lọ, kò sí ẹ̀dá kankan tó lè kó o jọ padà. Ohun tó ṣẹ́ kù sára ewéko ni 8,833.

Nínú ohun tó kù yìí, àti nínú nǹkan kan láti ìta, àwọn ajewéko rí 3,368 jẹ. Wọ́n ná 1,890 láti fi mí, wọ́n sì fi 1,478 ṣe ara. Àwọn ajẹran rí 383 gbà nínú ara àwọn ajewéko, wọ́n ná 316, 67 ló kù tó di ẹran ara. Àwọn ẹja ńlá tó wà lókè rí 21 gbà. 21, nínú 1,700,000 tí oòrùn gbé wá.

Ẹ wo bí ó ṣe ń kéré sí i. Láti ara ewéko dé ọ̀dọ̀ àwọn ajewéko, nǹkan bí 16 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọjá. Láti ọ̀dọ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ ajẹran, nǹkan bí 11. Láti ibẹ̀ dé òkè, nǹkan bí 5 àti ààbọ̀. Ìwé ilé ẹ̀kọ́ máa ń sọ pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kọjá ní ìpele kọ̀ọ̀kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a sì há a sórí bí òfin. Silver Springs fi hàn pé kì í ṣe òfin rárá. Ìwọ̀n tó sún mọ́ra ni, ó sì ń yí padà láti ìpele dé ìpele: ẹni tó ń sáré lé oúnjẹ rẹ̀ ń ná agbára púpọ̀ kó tó rí i mú, oúnjẹ náà sì ń sá. Ẹja bass tó ń lé ẹja mìíràn kò lè ṣe bí ìṣáwùrú tó kàn ń rá pálá lórí ewé tó ń jẹ.

Nísinsìnyí, nǹkan tó ti ìta wá. Àwọn àlejò tó ń gun ọkọ̀ onídìí gíláàsì máa ń ju búrẹ́dì sínú omi fún ẹja. Ẹlòmíràn ì bá ka ìyẹn sí eré lásán, ì bá yọ ọ́ kúrò. Odum kà á. Nínú ìṣirò rẹ̀, búrẹ́dì jẹ́ 486 kilokálórì fún mítà níbùú lóròó lọ́dún kan, ó sì kọ ọ́ sínú ohun tí àwọn ajewéko jẹ. Bí a bá yọ 486 kúrò nínú 3,368, a rí i pé 2,882 ni wọ́n rí lára ewéko, nǹkan bí ìdá kan nínú méje oúnjẹ wọn ló jẹ́ búrẹ́dì. Ẹ tún fi wé ìlà tó tẹ̀ lé e: gbogbo ohun tí àwọn ajẹran rí jẹ lọ́dún náà jẹ́ 383. Ohun tí àwọn àlejò fi ń ṣeré lórí ọkọ̀ ju gbogbo oúnjẹ àwọn ajẹran inú odò lọ. Àlìkámà tó hù ní oko kan níbòmíràn, lábẹ́ oòrùn ibòmíràn, ti di ara ẹja Silver Springs.

Ẹni tó ń sin ẹja àrọ̀ nílùú wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, bí kò tilẹ̀ fi kilokálórì kà á. Ẹja tó kún inú pọ́ńdù rẹ̀ kò ti ara oòrùn tó ń bọ́ sórí pọ́ńdù náà wá. Inú àpò oúnjẹ ẹja tó ń rà ló ti wá: àgbàdo, ẹ̀wà soya, ẹja mìíràn tí wọ́n lọ̀ kúnná. Bí oúnjẹ ẹja bá wọ́n, ara agbára tí ẹlòmíràn ti kó jọ sí ibòmíràn ni owó náà ń lọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń mú nǹkan jẹrà, nítorí pé àwọn ni wọ́n máa ń yọ kúrò nínú àwòrán ojú pátákó. Nígbà tí Odum gbẹ ohun abẹ̀mí ibẹ̀ tó sì wọ̀n ọ́n, ewéko jẹ́ gíráàmù 809 fún mítà níbùú lóròó, àwọn ajewéko 37, àwọn ajẹran 11, àwọn ẹja òkè 1.5. Bakitéríà àti àwọn ẹgbẹ́ wọn jẹ́ 5 péré. Ojú kò rí wọn, ìwọ̀n kò fi bẹ́ẹ̀ rí wọn. Ṣùgbọ́n agbára tó gba ọwọ́ wọn kọjá lọ́dún náà jẹ́ 5,060, ó ju ti gbogbo ajewéko àti ajẹran lápapọ̀ lọ. Wọ́n ná 4,600 níbẹ̀. Ewé tó kú láìsí ẹni tó jẹ ẹ́, ìgbẹ́ awun, òkú ẹja, ọ̀dọ̀ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń já sí. Ẹni tó bá fi ẹja ńlá díwọ̀n ìlera odò ń wo 21. Odò náà fúnra rẹ̀ ń ṣe ohun tó pọ̀ jù lọ nínú ẹrọ̀fọ̀ tó tinrín yẹn.

Ohun tó mú kí n gbẹ́kẹ̀ lé iṣẹ́ yìí ni pé ìṣirò náà bára mu. Ohun tó wọlé ni 20,810 tí ewéko ṣe àti 486 búrẹ́dì, àpapọ̀ 21,296. Ohun tí wọ́n ná láti fi mí, ewéko 11,977, ajewéko 1,890, ajẹran 316, ẹja òkè 13, àwọn tó ń mú nǹkan jẹrà 4,600, jẹ́ 18,796. Ẹ yọ ọ́, 2,500 ló kù. 2,500 yẹn ni ewé tó já àti ìdọ̀tí ewéko tí odò ń gbé lọ sísàlẹ̀, tó ń di oúnjẹ àwọn ẹ̀dá tó wà níwájú. Kò sí èyí tó sọnù, kò sì sí èyí tó padà. Àwọn èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, bí náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́sì, lè yí ká láti ara ewé dé ara ẹja dé ẹrọ̀fọ̀ kí wọ́n sì tún padà sára ewé. Agbára kì í yí ká. Bí oòrùn kò bá ràn lọ́la, kò sí èyí tí wọ́n máa tún lò.

Apá kejì ìṣẹ̀lẹ̀ yìí kò dùn ún kọ. Odò Silver River máa ń ṣàn wọnú Ocklawaha, Ocklawaha wọnú St. Johns, St. Johns sì wọnú Òkun Àtìláńtíìkì. Ọ̀nà yìí ni mullet ń gbà wá láti òkun. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ipa odò ńlá kan tí ọkọ̀ ojú omi ì bá gbà la Florida kọjá. Apá kan iṣẹ́ náà ni dáàmù Rodman tí wọ́n mọ sórí Ocklawaha, tó parí ní 1968. Ààrẹ Nixon dá iṣẹ́ ipa odò náà dúró ní oṣù kìn-ín-ní 1971, ó sì wá kú pátápátá, ṣùgbọ́n dáàmù náà kò kúrò. Ó dúró síbẹ̀ láìsí iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ, ó sì dí ọ̀nà mọ́ ẹja.

Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Robert Knight, akẹ́kọ̀ọ́ Odum, padà lọ wọn Silver Springs. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 2000, nígbà tí iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Ẹja ti dín kù gan-an ní gbogbo odò náà. Mullet tó máa ń wá ní agbo-agbo àti ẹja àrọ̀ ibẹ̀ ló dín kù jù. Oúnjẹ tí ewéko ń ṣe náà ti sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹja sọ̀kalẹ̀ ju bí ewéko ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni kí ènìyàn tẹjú mọ́. Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ nìkan ló kéré, ẹja ì bá dín kù ní ìwọ̀n tí oúnjẹ fi dín kù. Èyí tó ṣẹlẹ̀ fi hàn pé àwọn tó yẹ kó gba agbára náà lọ́wọ́ ewéko kò sí nílé mọ́.

Kò sì jẹ́ dáàmù nìkan. Omi tó ń sun ní Silver Springs, òjò ló wọnú ilẹ̀ ní agbègbè gbígbòòrò kó tó jáde níbẹ̀. Àwọn ènìyàn pọ̀ sí i lórí ilẹ̀ náà, oko àti ọgbà ẹṣin pọ̀ sí i. Ajílẹ̀ orí oko, ìgbẹ́ ẹran àti omi ṣọ́káwéè ilé ń jò wọnú ilẹ̀, náítíréètì, ìyẹn irú náítírójìn tó ń yòrò sínú omi, tó wà nínú ìsun náà sì ti ju ìlọ́po méjì ohun tó wà níbẹ̀ nígbà Odum lọ. Omi tó ń sun náà ti dín kù, nítorí òjò tó kéré láwọn ọdún kan àti kànga ẹ̀rọ tó ń fa omi láti abẹ́ ilẹ̀. Álígì wá nípọn lórí koríko àti lórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò, ó ń bo ewé mọ́lẹ̀ kúrò lójú oòrùn.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ mullet àti ọ̀rọ̀ álígì kò ṣeé yà sọ́tọ̀. Ajílẹ̀ ń bọ́ álígì, àwọn ẹja tó ń há a jẹ sì ti há sí ìsàlẹ̀ dáàmù. Ẹni tó bá ń wá ojútùú sí ọ̀kan láìfọwọ́ kan èkejì, mi ò rí i bí ó ṣe máa yanjú rẹ̀. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọdún mélòó kan. Àwọn kan ń ja ìjà ajílẹ̀ àti ṣọ́káwéè, àwọn mìíràn ń ja ìjà dáàmù, àwọn tó ń pẹja nínú adágún tí dáàmù náà dá sílẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má wó o, nítorí bass pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jẹun. Mi ò lè bú wọn.

Ní 2013, Silver Springs di ọgbà ìpínlẹ̀ Florida. Ọkọ̀ onídìí gíláàsì ṣì ń gbé àlejò. Dáàmù náà, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Kirkpatrick, ṣì wà lórí Ocklawaha. Bí wọ́n bá ṣí i lọ́jọ́ kan, kò ní ṣòro láti mọ ohun tó yí padà, nítorí ìwé ìṣirò 1957 wà nílẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tirẹ̀. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ wò ni ìlà àwọn ajewéko: bóyá mullet ti padà, àti bóyá ìwọ̀n álígì orí koríko ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.